Ìhá tí Wọ́n So Mọ́ Àtẹ́rígbà Àwẹ̀ró

Àwọn ọdẹ Òkè-Ìràwé dá Àwẹ̀ró lẹ́bi iná tí kò dá.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Pápá tó wà lẹ́yìn ìlú gbiná lọ́sàn-án gangan. Ó jó abà iṣu méjìlá, ó jó ọgbọ̀n igi ọ̀pẹ, ó sì jó àwọn ewúrẹ́ mọ́ ibi tí a so wọ́n mọ́. Nígbà tí eérú tutù, Olúọdẹ Ọdẹ́lànà, olórí gbogbo ọdẹ ìlú náà, rí ìhá kan tí iná kò jó tán níbi tí pápá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìhá ni fọ́nrán ẹyìn tó máa ń kù nílẹ̀ nígbà tí a bá fún epo tán. Àwẹ̀ró, opó tó ní ẹbu epo lẹ́bàá ọ̀nà oko, nìkan ló ń fún epo ní Òkè-Ìràwé. Ọdẹ́lànà gbé ìhá náà sókè níwájú baálẹ̀ àti gbogbo ìlú. Ó ní, “Ẹ wò ó. Iná ẹbu rẹ̀ ló fò.”

Ẹnì kankan kò bi Àwẹ̀ró ní ohun tó mọ̀. Wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sí ojú ààrò rẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ dáná ní ẹbu náà mọ́. Wọ́n so ìhá náà mọ́ àtẹ́rígbà ilé rẹ̀, kí ó lè máa gba abẹ́ ẹ̀bi rẹ̀ wọlé, kí ó sì máa gba abẹ́ ẹ̀bi rẹ̀ jáde.

Oṣù mọ́kànlá ló fi gba abẹ́ ìhá yẹn kọjá. Ẹyìn pọ́n lórí ogójì ọ̀pẹ tó kù fún un, ó já bọ́ sílẹ̀, ó jẹrà. Ẹni tó ń ta epo fún ìlú wá di ẹni tó ń tọrọ epo sí ọbẹ̀. Àwọn ọmọdé kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Adánásígbó ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í là, tí koríko ń ró gbàrà-gbàrà lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró. Ó mọ̀ pé òun kò dáná. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé òun kọ́ ló dáná, ó mọ̀ pé ẹni tó dá a ṣì wà níta. Ó dìde, ó sọdá odò, ó lọ bá Ẹ̀fúnyẹmí.

Ìyá arúgbó ni Ẹ̀fúnyẹmí, aláṣọ funfun, ẹni tó ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún sórí atẹ tí a fi ń fẹ́ ọkà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo Àwẹ̀ró tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

“Kí ló bàjẹ́?”

“Orúkọ mi ni, ìyá. Bí àwọn ọ̀pẹ mi tó kù bá tún jó lọ́dún yìí, orí mi náà ni wọn yóò dì í lé. Mo ti tán nìyẹn.”

Ẹ̀fúnyẹmí kó àwọn ẹyọ náà jọ, ó súre sí wọn, ó dà wọ́n. Mẹ́ta ṣíjú sókè, ìyókù dojú délẹ̀. Ìyá náà mí kanlẹ̀. Ó ní Ògúndá ni, ọ̀rọ̀ irin àti ọ̀rọ̀ igbó. Ó sì kì í báyìí pé:

*Òkò kì í dun ọwọ́ tó sọ ọ́,*
*Orí tó bà ní í wú.*
*Ìbọn panu dé, ó lóun kò jẹun,*
*Èéfín imú rẹ̀ ló tú u fó.*
*A dá fún Ọdẹ-kò-wẹ̀yìn*
*Níjọ́ tó ń lọ kí igbó lóṣù ọyẹ́.*
*Wọ́n ní kó fomi rúbọ kó tó finá kí igbó,*
*Ó ní igbó baba òun kò lè jó òun.*
*Koríko gbọ́, kò fèsì.*
*Koríko kì í jiyàn,*
*Ọjọ́ ló máa ń dá.*

Ó gbójú sókè. “Lọ mú ohun tí wọ́n fi kàn ọ́ wá.”

Àwẹ̀ró sáré lọ, ó sáré bọ̀. Ó tú ìhá náà kúrò ní àtẹ́rígbà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mọ́kànlá, ó gbé e sínú igbá, ó gbé e síwájú ìyá náà. Ẹ̀fúnyẹmí mú un, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sí imú.

“Bí o bá fẹ́ fi ìhá dáná, báwo lo ṣe máa ń ṣe é?”

“Màá tú u ká, ìyá. Bí kò bá tú ká, kì í tètè gbiná.”

“Èyí ńkọ́?”

Àwẹ̀ró wò ó. Ó ti rí i ní gbogbo òwúrọ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í jẹ́ kí ènìyàn wo nǹkan dáadáa. Ìhá náà kò tú ká. Ó rí rogodo, ó le, ó kì pọ̀, kò ju oríkèé àtàǹpàkò ọkùnrin lọ. Ẹnìkan ti fi ọ̀pá gún un mọ́ inú ihò tóóró kan. Nígbà tí òun náà gbé e sí imú, òórùn epo kọ́ ló kọ́kọ́ kàn án. Òórùn ẹ̀tù ìbọn ni.

“Ta ló tún ń kó ìhá jáde nínú ẹbu rẹ?” ni Ẹ̀fúnyẹmí béèrè.

“Àwọn tó ń fi í fọ ìkòkò. Àti…” Ó tún wo ìhá náà. “Àti àwọn ọdẹ, ìyá. Agbọ̀n agbọ̀n ni wọ́n ń kó o. Òun ni wọ́n ń fi dí ìbọn.”

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ti rí, kí ó má baà rú ẹnikẹ́ni lójú. Ṣakabùlà ni ìbọn àwọn ọdẹ Òkè-Ìràwé. Bí wọ́n bá rọ ẹ̀tù sí i lẹ́nu, wọ́n á fi ìhá dí i, wọ́n á sì fi ọ̀pá gún un kí ẹ̀tù má baà dànù. Wọ́n tún ní àṣà kan. Ní ọjọ́ tí gbogbo ọdẹ bá ń jùmọ̀ lọ sígbó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á tò sí ojú ọ̀nà oko, wọ́n á dojú kọ pápá, wọ́n á sì yin ìbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti kí igbó. Wọn kì í fi ọta sí ìbọn ìkígbó yìí. Ẹ̀tù àti ìhá nìkan ni. Nítorí pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ó dá wọn lójú pé kò lè pa nǹkan kan. Ìhá tí epo ti rin gbingbin ń ti ẹnu ìbọn fò jáde pẹ̀lú iná lára, ó ń bọ́ sínú koríko gbígbẹ, àwọn tó yìn ín sì ń kọrin wọ igbó lọ láìwẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kí igbó ní ọjọ́ tí pápá jó.

Àwẹ̀ró fẹ́ dìde lọ sí ìlú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀fúnyẹmí di aṣọ rẹ̀ mú.

“Ẹbọ ṣáájú. Ẹyẹlé funfun méjì, ìkòkò omi mẹ́rìndínlógún, àti ilẹ̀ tó ṣófo. Ro ilẹ̀ yí ẹbu rẹ àti ọ̀pẹ rẹ ká, kí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Má fi ewé kan sílẹ̀. Gbá a bí ẹni pé àna rẹ ń bọ̀. Kí o ri àwọn ìkòkò náà mọ́lẹ̀ dé ọrùn, kí omi má ṣe gbẹ nínú wọn.”

“Ìyá, ẹ má bínú. Èmi ni wọ́n ṣẹ̀. Kí ló dé tí èmi ni mo tún máa rúbọ?”

“Ẹbọ kì í ṣe ìtanràn. Ẹni tó bá ti mọ ibi tí iná ń gbà bọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mú ọkọ́.” Ìyá náà kó ẹyọ rẹ̀ sínú àpò. “Àwọn náà ní ẹbọ tiwọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń lọ báyìí. Bọ́ síwájú.”

Abẹ́ igi ìrókò ni wọ́n ti bá àwọn ọdẹ, tí wọ́n ń nu ìbọn. Ọdẹ́lànà dìde fún ìyá arúgbó náà, ó dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ, ó sì fún un ní àpótí jókòó. Kò wo Àwẹ̀ró.

Ẹ̀fúnyẹmí sọ ohun tí ẹyọ wí. Ó ní kí àwọn ọdẹ gbé ìkòkò omi mẹ́rìndínlógún sí etí pápá. Ó ní títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀, kí ìbọn wọn má ṣe kí igbó. Kí wọ́n fi ẹnu kí i. Bí wọ́n bá sì máa yìnbọn lẹ́yìn ìgbà náà, ewé tútù ni kí wọ́n máa fi dí i, kì í ṣe ìhá.

Ọdẹ́lànà fetí sílẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù sì bá a rẹ́rìn-ín.

“Ìyá, a gbọ́. Ṣùgbọ́n ìbọn tí kò ní ọta, kí ló fẹ́ pa? Etí? Ẹ ní kí a fi ẹnu kí igbó. Ṣé ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni wá, tí a ó máa kúnlẹ̀ fún koríko láràárọ̀?”

“Koríko kò ní kí ẹ kúnlẹ̀,” ni Ẹ̀fúnyẹmí wí.

“Baba mi yin ìbọn yìí kí igbó. Baba baba mi yìn ín. Obìnrin tó jó abà wa ló wá ń kọ́ wa ní iná báyìí.”

Àwẹ̀ró na igbá tí ìhá náà wà nínú rẹ̀ sí i. Ó ní, “Olúọdẹ, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìhá yìí kò ti inú ààrò wá.”

“Ìhá ti ń sọ̀rọ̀?”

“Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀, Olúọdẹ.”

Ọdẹ́lànà kọ̀, kò gba igbá náà. Ọdẹ mẹ́ta tó jókòó sẹ́yìn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ìhá náà, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì rọra gbé ìbọn wọn lọ sílé. Àwọn mẹ́rìnlá yòókù ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Àwẹ̀ró fi ẹyẹlé méjì rúbọ, ó sì mú ọkọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ro ilẹ̀ yẹn. Àwọn tó ń kọjá ń dúró wò ó. Wọ́n ní, “Adánásígbó, irúgbìn wo lo fẹ́ gbìn sí ilẹ̀ gbígbẹ?” Ó ní, “Àwa ni.” Ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, obìnrin méjì tí abà wọn jó lọ́dún tó kọjá dé pẹ̀lú ọkọ́ tiwọn. Wọn kò tọrọ àforíjì, wọn kò béèrè ohun kan. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n mú, wọ́n sì ń ro ó. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní, ó pupa, ó dán bí ojú agbada. Ìkòkò mẹ́rìndínlógún yọ ọrùn nínú rẹ̀, omi sì kún wọn dé ẹnu.

Ọjọ́ ìkígbó pé. Oòrùn ti gòkè. Àwọn ọdẹ mẹ́rìnlá tò sí ojú ọ̀nà oko, àwọn obìnrin àti ọmọ jáde láti wò wọ́n bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ọ̀wọ́ náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àwọn tó wà lápá ọ̀tún dojú kọ pápá, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lápá òsì dojú kọ ilẹ̀ ṣíṣófo Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ilẹ̀ rẹ̀, igbá omi lọ́wọ́.

Ọdẹ́lànà gbé ọwọ́ sókè. Ìbọn mẹ́rìnlá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Gbogbo ènìyàn wo èéfín tó ń lọ sókè. Àwẹ̀ró nìkan ló wo ilẹ̀. Ó rí wọn. Wọ́n ń já bọ́ níwájú rẹ̀ bí èso igi, wọ́n ń yí gbiri lórí ilẹ̀ pupa, ojú wọn pọ́n, wọ́n ń rú èéfín: ìhá kan, ìhá méjì, ìhá márùn-ún. Wọn kò rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó sáré wọ pápá lápá ọ̀tún, ó ń pariwo, “Ẹ wo ilẹ̀, ẹ wo ilẹ̀.” Ó da omi sí ọ̀kan, ó kú. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ èkejì mọ́lẹ̀, ó kú. Ẹ̀kẹta wà nínú ìdí koríko tó ga ju ènìyàn lọ, kò sì rí i.

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ rí i.

Iná náà kọ́kọ́ rọra jẹun bí ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde dúró. Ó gba orí koríko, ó ń bú ramúramù, ó ń ta pàrà-pàrà, màjàlà dúdú sì bo ojú ọ̀run. Afẹ́fẹ́ yí i padà, ó kọjú sí ojú ọ̀nà, ó kọjú sí ènìyàn. Ọ̀nà ìlú dí. Ọ̀nà odò dí. Ibì kan ṣoṣo ni kò ní ohun tí iná lè jẹ.

“Ẹ bọ́ síbí,” ni Àwẹ̀ró ń ké. “Sórí ilẹ̀ pupa, gbogbo yín.”

Wọ́n wọlé gììrì, àwọn ìyá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, àwọn ọdẹ tó ti ju ẹ̀tù wọn nù sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn obìnrin méjì yẹn ń bu omi nínú ìkòkò, wọ́n ń dà á sí àwọn ènìyàn lórí. Ẹni tó kẹ́yìn ni Ọdẹ́lànà. Ó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, ìwo ẹ̀tù rẹ̀ kún fọ́fọ́ ní ìbàdí, ẹta iná sì ń rọ̀ lé e léjìká. Àwẹ̀ró dúró sí ẹnu ààlà.

“Ẹ dúró níbẹ̀, Olúọdẹ. Ẹ kò lè gbé ẹ̀tù yẹn wọ àárín àwọn ọmọ.”

“Ìbọn baba mi ni.”

“Ìkòkò rèé.”

Iná ti fẹ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Àwẹ̀ró kò yà fún un, kò sì tì í. Ó dúró lásán ni, ó ń nàka sí ìkòkò tó wà láàárín wọn. Ọdẹ́lànà wo ìbọn. Ó wo àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn obìnrin náà, ọmọ ọmọ tirẹ̀ wà láàárín wọn. Ó tú ìwo ẹ̀tù, ó sọ ọ́ sínú ìkòkò. Ó ti ẹnu ìbọn bọ inú omi títí omi fi hó gùlù-gùlù. Àwẹ̀ró fà á lọ́wọ́ wọlé.

Iná náà kọjá. Ó yí ilẹ̀ pupa ká, ó wá ohun tí yóò jẹ, kò rí i, ó bínú lọ sí ìsàlẹ̀ pápá, níbi tí ilé Ọdẹ́lànà àti abà rẹ̀ wà ní etí ìlú. Òrùlé koríko bẹ́ẹ̀rẹ́ kì í bá iná jà. Kí wọ́n tó ṣí aṣọ tí wọ́n fi bo ojú nítorí èéfín, ògiri nìkan ló kù.

Ẹ̀mí kankan kò bọ́. Ọ̀pẹ Àwẹ̀ró kan kò jó.

Nígbà tí wọ́n lè mí dáadáa, Àwẹ̀ró mú igbá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn ìhá tó wà lórí ilẹ̀. Ilẹ̀ náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ibi tí wọ́n lè sá pamọ́ sí. Márùn-ún ni. Wọ́n rí rogodo, wọ́n le, wọ́n kì pọ̀, kò sí èyí tó ju oríkèé àtàǹpàkò lọ. Ó kó wọn lọ sí ojúde, gbogbo ìlú tẹ̀ lé e, ó sì tò wọ́n sílẹ̀ níwájú baálẹ̀. Ó sì mú ẹ̀kẹfà, èyí tí wọ́n so mọ́ àtẹ́rígbà rẹ̀, ó fi í tì wọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè sọ èwo ni tọdún yìí, èwo ni tọdún tó kọjá.

Baálẹ̀ wúkọ́. Ó ní, “Àwẹ̀ró, ìlú ti dárí jì ọ́.”

“Baálẹ̀, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n a kì í dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀.”

Ọdẹ́lànà jáde síwájú, eérú bo orí rẹ̀. Ibi tó ti gbé ìhá sókè lọ́dún tó kọjá náà ló dúró sí. Ó ní, “Iná ìbọn wa ni. Èmi ni mo gbé e sókè, èmi ni mo sọ pé tirẹ̀ ni, n kò sì wò ó dáadáa. Nígbà tí ó ní kí n wò ó, mo rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró kò dáná sí igbó.” Ó pe orúkọ rẹ̀ ní pípé, àwọn ọmọdé sì gbọ́.

Ẹnìkan nínú èrò ní kí wọ́n so ìhá náà mọ́ àtẹ́rígbà Ọdẹ́lànà, kí òun náà mọ bó ṣe ń rí.

Àwẹ̀ró ní, “Àtẹ́rígbà wo? Ó ti jóná.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ojú tì wọ́n. “N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba abẹ́ ìhá mọ́. Mo mọ ohun tó ń ṣe sí ọrùn. Ohun tí mo fẹ́ ni pé láti òní lọ, kí ìbọn kankan má dún nínú ẹ̀ẹ̀rùn títí n ó fi fọwọ́ kan koríko, kí n sì sọ pé ó ti tutù. Ẹ kò bi mí léèrè lọ́dún tó kọjá. Ẹ ó máa bi mí báyìí.”

Wọ́n gbà.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ Ẹ̀fúnyẹmí ṣe ṣẹ. Ẹni tí wọ́n ní kó fi ilẹ̀ àti omi rúbọ, tó sì rú u, ààrò rẹ̀ padà gbóná, epo rẹ̀ sì tún pọ́n ọbẹ̀ gbogbo ìlú. Ẹni tó fi ẹbọ ṣe ẹ̀rín, orí eérú ilé rẹ̀ ló ti mọ̀ pé ìbọn tí kò ní ọta náà ń pani.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, àwọn ọdẹ mẹ́tàdínlógún tò sí ojú ọ̀nà oko. Àwẹ̀ró jáde láti inú ẹbu, ọwọ́ rẹ̀ pupa fún epo. Ó nù ún mọ́ ìró, ó já koríko kún ọwọ́ kan, ó gbé e sí ẹ̀bá etí, ó fún un. Koríko náà ró pàrà.

“Kò tíì yá,” ni ó wí.

Ọdẹ́lànà ló kọ́kọ́ dojú ẹnu ìbọn kọ ilẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó kọjú sí pápá, ó sì fi ẹnu kí igbó.